Pẹpẹ Ìdí-Ọ̀sè àti Akoto Akọ̀wé

Oko Adéníran,
Oríta Ìdí-Ọ̀sè,
Ọ̀nà Ọ̀tan,
Ìlá-Ọ̀ràngún.

Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1955.

Akọ̀wé Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Tí Ń Wádìí Owó Orí àti Owó Ọjà,
Ìlá-Ọ̀ràngún.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀṢẸ TÓ NÍ KÍ N KÓ PẸPẸ ỌSÀN KÚRÒ NÍ ORÍTA ÌDÍ-Ọ̀SÈ

1. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ sì kú ọ̀rọ̀ owó, nítorí ọ̀rọ̀ owó kì í tán. Èmi ni Elizabeth Moríyọ̀ Adéníran, opó olóògbé Hezekiah Adéníran tó lu aago ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọdún mọ́kàndínlógún. Mo kàwé dé Ìwé Kẹfà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá akọ̀wé tó bá mi kọ ọ́ kiri. Ìwé yín ti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní kí n kó pẹpẹ ọsàn mi kúrò ní oríta kó tó di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, nítorí pé ọjà tí kò bá ní òǹtajà nídìí, ọjà tí a sọ nù ni, Ìjọba yóò sì lù ú ní gbàǹjo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó tún pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí pẹpẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bóyá ẹni tó kọ ìwé àṣẹ yẹn kò dàgbà sí oko. Ìyá ọkọ mi, Ìyá Fáyọ̀kẹ́, ni wọ́n tẹ́ ẹ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. (Nítorí ìwé Ìjọba ni mo ṣe kọ orúkọ wọn, nílé, Ìyá wa ni mo ń pè wọ́n.) Ní òwúrọ̀, n ó to ọsàn ní òkìtì márùn-ún-márùn-ún sórí pẹpẹ, n ó sì fi òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Òkúta kan, kọ́bọ̀ kan. Ata tó bá jẹ́ kọ́bọ̀ méjì, òkúta méjì. N ó gbé igbá sí àárín wọn, n ó sì bá tèmi lọ sí oko. Ẹni tó ń kọjá yóò mú òkìtì kan, yóò sọ owó sínú igbá, yóò máa lọ. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ná an, nítorí òkúta kò ní ẹnu tí yóò fi dáhùn. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni owó dín. Ẹni tó ṣe é padà wá ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kọ́bọ̀ méjì àti àgbébọ̀ adìẹ kan, ó ní oorun kò kun òun. A gba kọ́bọ̀, a ní kó mú adìẹ rẹ̀ lọ. Ó kọ̀. Kí n má parọ́ fún Ìjọba, a jẹ adìẹ náà.

3. Ìdí tí n kò fi lè jókòó ti pẹpẹ náà rèé. Ìyá Fáyọ̀kẹ́ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì ríran mọ́. Ahéré wa jìnnà sí oríta tó máìlì kan. Èmi nìkan ni mo kù tì wọ́n. Bí mo bá jókòó sí oríta, ta ni yóò bu omi fún wọn, ta ni yóò lé ìjímèrè kúrò lórí ọsàn? Bí mo bá sì dúró sí oko, ta ni yóò ta èyí tí mo ti ká? Pẹpẹ yẹn ni ọwọ́ kẹta tí mo ní. Bí ẹ bá gé e, oko Adéníran yóò di igbó kó tó di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá yóò sì fi igi tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn sílẹ̀ lọ gbé yàrá ayálégbé nílùú, níbi tí wọn kò ti mọ ọ̀nà àgbàlá. Ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀ yín nìyẹn. Gbogbo ohun tó kù nínú ìwé yìí, àlàyé ni.

4. Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, ẹ pè wá jọ sí gbọ̀ngàn kóòtù, ẹ sì bi wá léèrè èwo ni a fẹ́. Ṣé kí a máa san owó orí lórí ohun tí oníkálukú bá rí lọ́dún, bí a ti ń san án bọ̀, àbí kí a mú un kúrò, kí a máa san owó ọjà, èyí tí ẹni tó bá ra nǹkan yóò máa san lé iye tó fi rà á? Inú wa dùn pé ẹ bi wá. Ìlú tí wọ́n ń bi léèrè kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀.

Olúsọjí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní owó orí ti sú òun, pé àwọn tó ń díye lé ènìyàn máa ń ka gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú ilé òun mọ́ òun lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ni, àwọn tó bàjẹ́ pàápàá. Bàbá Èṣùbíyì, ọdẹ àgbà, ní owó ọjà tẹ́ àwọn lọ́rùn gan-an, nítorí àwọn kì í ra nǹkan kan láyé yìí ju iyọ̀ àti ẹ̀tù ìbọn lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àsíátù tó ń ta iyọ̀ ló wá dìde tẹ̀ lé wọn. Ó ní iyọ̀ tí olówó ń jẹ kò ju èyí tí tálákà ń jẹ lọ. Bí a bá gbé owó Ìjọba lé iyọ̀, ẹni tó bímọ jù ni yóò san jù, kì í ṣe ẹni tó lówó jù.

5. Kí n jẹ́wọ́ wàyí. Èmi ni mo dìde lẹ́yìn Àsíátù. Ọ̀rẹ́ mi ni, síbẹ̀ mo takò ó níwájú gbogbo ènìyàn. Mo sọ̀rọ̀ gígùn, mo fa ẹsẹ Bíbélì méjì yọ, mo ní owó ọjà ló dára jù lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ohun tí n kò sọ síta ni pé mo ti dọ́gbọ́n rò ó nínú ara mi: níbi tí kò bá sí òǹtajà, akọ̀wé kò ní rí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀rín sínú délé lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni wọ́n ń bá wí.

6. Ẹ mú ọ̀nà Ọ̀tan fún ìdánwò owó ọjà láti ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Ọ̀nínì kan lórí kọ́bọ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ rán Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, ọmọ Ìgbájọ, sí oríta wa. Ọmọlúwàbí ni, kì í jágbe mọ́ ènìyàn bí àwọn wọlé-wọlé. Ìlànà yín ní kí ó wà níbi tí wọ́n ti ń tajà, kí ó rí òǹtajà, kí ó sì já rìsíìtì fún un. Ó gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ mi, ó ń retí òǹtajà. Ó retí títí oòrùn fi mú.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lójú ọ̀nà wa, a kì í ná ọjà lọ́wọ́ òkúta. Ṣùgbọ́n ọjà tí ènìyàn bá jókòó tì, ta ni yóò rà á láìná? Àwọn obìnrin Iresi tó ń ti oko bọ̀ rí ọkùnrin lórí àpótí, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ní ajé á wọgbá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Ó ní òun kọ́ ló ni ọjà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ dín owó máa ń wí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ náà kò kọ́ ọ bí a ṣe ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu. Kó tó di ọ̀sán, ọsàn márùn-ún fún kọ́bọ̀ ti di mẹ́jọ, wọ́n sì gba èènì lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn ti dé Iresi àti Ọ̀tan pé Ìjọba ń ta ọsàn ní Ìdí-Ọ̀sè, kò sì le láti ná. Àwọn kan wá tí kò fẹ́ ọsàn rárá. Wọ́n kàn fẹ́ lè délé sọ pé àwọn ná ọjà lọ́wọ́ Ìjọba, Ìjọba sì gbà.

Mo ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, mo wo igbá mi, kò tó ìdajì. Mo múra láti bínú. Nígbà tí mo wo ojú Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún, òógùn ti wẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì ń ti tọ́rọ̀ kan bọ inú igbá mi látinú àpò ara rẹ̀. Ìbínú náà kò jáde mọ́. Mo bó ọsàn mẹ́ta fún un, ó sì mu wọ́n tán.

Ó bẹ̀ mí kí n wá jókòó fúnra mi, mo sì gbà. Mo jókòó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kejì tí mo padà sí ahéré, mo bá Ìyá Fáyọ̀kẹ́ lábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lé ìjímèrè tí wọn kò rí. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, orúnkún wọn sì ti bó. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn n kò jókòó sí oríta mọ́, n kò sì ní jókòó.

7. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá, ibà gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún dè lórí àpótí. Ó ṣí akoto kakí rẹ̀, èyí tó ní àmì idẹ Ìjọba níwájú, ó dojú rẹ̀ sókè sórí pẹpẹ mi kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i lórí. Olúsọjí ń kọjá; ó gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́ lọ sílùú, láti ibẹ̀ sì ni wọ́n ti fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìgbájọ. Nínú ìkánjú, wọ́n gbé àpótí, wọ́n gbé ìwé rìsíìtì, wọ́n gbàgbé akoto.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọjá lẹ́yìn wọn ni Bàbá Èṣùbíyì. Baba rí igbá mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, wọ́n rí akoto Ìjọba tó yanu sókè, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì. Wọ́n dúró, wọ́n rò ó, ó sì yé wọn pé Ìjọba ti gbọ́n wàyí, ó ti kọ́ bí a ṣe ń tajà lójú ọ̀nà. Wọ́n sọ kọ́bọ̀ sínú igbá, wọ́n sọ ọ̀nínì sínú akoto. Wọ́n wá ṣa òkúta kékeré kan tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ akoto kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ iye tó jẹ́. Wọ́n délé, wọ́n ròyìn. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ọ̀nà ti gbọ́.

Fún ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò ná ọsàn mi mọ́. Wọ́n ń san ti igbá, wọ́n ń san ti akoto, wọ́n ń kọjá lọ. Bàbá Èṣùbíyì tí kì í ra nǹkan wá ra ọsàn nígbà mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn ni àwọn dá akoto náà sílẹ̀, ojú á ti àwọn bí ebi bá pa á. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúbọ̀sún padà dé, ó ti rù, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí ó gbà pé wọn yóò ti jí akoto Ìjọba, wọn yóò sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù òun. Ó bá a níbi tó fi í sí. Owó tó wà nínú rẹ̀ ju èyí tó gbà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi jókòó lọ.

8. Ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ wá fún yín láìyọ ọ̀nínì kan. Mo gbọ́ pé wọ́n bi í ní ọ́fíìsì yín pé ta ló san án, rìsíìtì rẹ̀ dà? Kò sí rìsíìtì. Wọ́n sì ní kó kọ ìwé àlàyé. Ẹ̀yin Ọ̀gá, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ ọ rí pé owó pọ̀ jù fún Ìjọba. Ẹ wá kọ̀wé sí mi pé owó tí a kò mọ ẹni tó san án àti ọjà tí a kò rí ẹni tó ń tà á, ìdàrúdàpọ̀ kan náà ni wọ́n, àti pé kí n kó pẹpẹ mi.

Mo ka ìwé náà sí Ìyá Fáyọ̀kẹ́ létí. Wọ́n ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tó ní ọjà tí a sọ nù, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n wá ní: "Ìyàwó, sọ fún wọn pé n kò sọ nǹkan kan nù rí láyé mi. Ọ̀dọ̀ ènìyàn ni mo fi í sí." Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

9. Ní ti ìbéèrè tí ẹ bi wá ní oṣù kẹjọ, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà rẹ́ nínú ìwé yín, nítorí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ èyí sí abẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ wà lẹ́nu Àsíátù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo wá gbé igbá mi, mo fi ojú ara mi rí alágbàṣe kan tó ti oko bọ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, tó ní kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Ó dúró, ó wo igbá, ó wo akoto, ó sì kọjá láìmu ọsàn, nítorí kò ní ọ̀nínì tí yóò fi kún un, kò sì fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Mo sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọsàn méjì. Oníkòkó tó sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ san ọ̀nínì kan náà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun san nǹkan. Nítorí náà, bí ẹ bá tún bi mí lónìí, n ó ní kí oníkálukú máa san án lórí ohun tó bá rí lọ́dún, kí àwọn tó ń díye sì la ojú wọn dáadáa níwájú ilé Olúsọjí. Mo mọ̀ pé bí ọsàn mi bá so dáadáa, owó orí náà lè bá mi nílé. Kó máa bọ̀, n ó san án. Mo ti lọ bẹ Àsíátù. Ó ní kò burú, pé òun ti mọ̀ pé n ó padà wá. Ó ta iyọ̀ fún mi, kò fi èènì sí i.

10. Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí àṣẹ yín padà, kí pẹpẹ Ìyá Fáyọ̀kẹ́ wà níbi tó wà. Bí ìdánwò yín kò bá tíì parí, ẹ fi akoto sílẹ̀, kí ẹ sì gba akọ̀wé kúrò lórí àpótí, kó lọ sinmi. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà jìyà nítorí pé àwọn ènìyàn san owó láìsí ẹni tó lé wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀.

11. Mùstàfá, awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà, ni yóò gbé ìwé yìí wá, òun àti agbọ̀n ọsàn kan. Kì í ṣe ẹ̀bùn o. Ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé Elizabeth fi ọsàn di Ìjọba lẹ́nu. Títà ni. Òkìtì mẹ́wàá ni, márùn-ún-márùn-ún. Mo di àwọn òkúta wọn sínú àkísà mímọ́. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Igbá kékeré kan wà nínú agbọ̀n fún kọ́bọ̀ mi, ẹ̀yin ni yóò pèsè akoto fún ọ̀nínì tiyín. Mo ti sọ fún Mùstàfá pé kó gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, kó má dá iye lé e, kó má jókòó tì í, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, yóò padà wá gbé agbọ̀n.

Bí igbá bá pé, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí Ìyá Fáyọ̀kẹ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ wọn wà. Bí kò bá pé, ẹ wá kó o ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. N kò ní jà. N ó sọ fún Ìyá pé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kì í ṣe ojú ọ̀nà Ọ̀tan.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀ yìí. Ọsàn náà dùn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó bó o.

Èmi ni tiyín, tí kò sí nídìí ọjà rẹ̀, tó sì ń retí,

Elizabeth Moríyọ̀ Adéníran (Ìyáàfin),
Opó, olóko ọsàn, Ìdí-Ọ̀sè.

Ìtẹ̀ka Ìyá Fáyọ̀kẹ́ ló wà ní abẹ́ orúkọ mi yìí. Àwọn ni wọ́n ni àwọn òkúta náà. Wọ́n ní kí ẹ jọ̀wọ́ dá gbogbo wọn padà sínú agbọ̀n, mẹ́wàá ni wọ́n, àwọn kà wọ́n pẹ̀lú ọwọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé.